“O” tí ará Oǹdó ń sọ fún àgbà

Ìyá kan gbaná jẹ mọ́ ọmọ aláàárù kan ní ọjà Bódìjà láàárọ̀ yìí, torí ọmọ náà bi í pé, “Ṣé o ti rà á tán?” Ohùn ẹnu ọmọ náà ti fi hàn pé Oǹdó ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí irú wọn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, “ẹ” la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Oǹdó, “o” ni wọ́n fi ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ bàbá àgbà. Inú ohùn àti ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀ wà. Ẹ kàn rọra kọ́ ọmọ náà: “Ṣé ẹ ti rà á tán, mà?” Ó parí.

Ṣebí “sé” ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń pe “ṣé”, tí Èkìtì sì ń pe ilé ní “ulé”?

Ìkíni tó ní “kú”, bíi “ẹ kú” tàbí “o kú”, wọ́pọ̀ láàárín wa. Ó pọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone ní ọ̀rúndún 19, débi pé “Aku” ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.