Ta ló tún lè wo orúkọ wa? Ọ̀rọ̀ lórí áàpù ìjọba tí ń tọpasẹ̀ ènìyàn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola bá arìnrìn-àjò kan wọ Èkó láti Làìbéríà, kò sí áàpù kankan tí ìjọba ní kí a gbé sórí fóònù. Ènìyàn ni wọ́n rán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Èkó àti ní Port Harcourt, wọ́n ń wo bí ara àwọn tó ti fara kan aláìsàn ṣe gbóná tó, wọ́n sì ń pa dà lọ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ 21 yóò fi pé. Orúkọ ènìyàn 894 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe sì tó nǹkan bí 18,500. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, ó pa 8 nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú èyí ṣáájú nítorí pé àwọn kan a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa ará ilẹ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìrìn wa rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. A gbà kí wọ́n mọ̀ ọ́n, nígbà tí a rí ẹni tó ń béèrè, tí ohun tó ń béèrè fún sì hàn lójú rẹ̀.

Áàpù tí ọ̀pọ̀ ìjọba gbé jáde nígbà tí kòrónà dé ní ọdún 2020 gba ọ̀nà mìíràn. Bluetooth inú fóònù ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Fóònù mi á máa sọ nọ́ńbà kan tí kò ní ìtumọ̀ sínú afẹ́fẹ́, fóònù ẹni tó jókòó tì mí nínú mọ́tò á gbà á, á sì tọ́jú rẹ̀. Nọ́ńbà náà á tún máa yí pa dà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fi dá mi mọ̀. Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé àrùn wà lára mi, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni a ó fi ta àwọn tó ti wà nítòsí mi lólobó. Ibi tí a ń kó nọ́ńbà náà pa mọ́ sí ni ìjà wà. Nínú irú èyí tí Google àti Apple jọ kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, orí fóònù oníkálukú ni ó ń wà, fóònù fúnra rẹ̀ ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ti pàdé ti aláìsàn. Nínú irú kejì, ìjọba ní àká kan tí gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera fẹ́ràn irú kejì yìí, ìdí rẹ̀ sì yé mi, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n rí bí àrùn ṣe ń rìn; ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí àrùn ṣe ń rìn ti rí bí ènìyàn ṣe ń rìn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ Singapore ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n gbé TraceTogether jáde, ní oṣù Kẹfà sì ni mínísítà wọn, Vivian Balakrishnan, fi dá aráàlú lójú pé títọpasẹ̀ àwọn tó fara kan aláìsàn nìkan ni wọn yóò lò ó fún. Àwọn ènìyàn gbà. Nígbà tí ọdún 2021 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń lò ó ti lé ní mílíọ̀nù 4, ìyẹn sún mọ́ ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kínní ọdún náà, mínísítà mìíràn, Desmond Tan, dáhùn ìbéèrè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ọlọ́pàá lè gba ohun tó wà nínú áàpù náà lábẹ́ òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó sì hàn pé wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí nínú ẹjọ́ ìpànìyàn kan. Balakrishnan jáde ní ọjọ́ kejì, ó ní òun kò ronú kan òfin yẹn nígbà tí òun ń ṣe ìlérí. Èmi gbà á gbọ́. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé ènìyàn gidi tí kò ní èrò búburú lè fi tọkàntọkàn ṣèlérí ohun tí òfin ti fún ẹlòmíràn tipẹ́. Ní oṣù Kejì ni wọ́n tó ṣe òfin tó sọ pé oríṣi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá 7 péré ni ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ béèrè. Ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí àwọn ènìyàn ti ń gbé áàpù náà kiri.

Ní Norway, àjọ tó ń dáàbò bo ìwífún ló kìlọ̀, ìjọba sì dá áàpù Smittestopp dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, oṣù méjì lẹ́yìn tó jáde, wọ́n sì pa ohun tí wọ́n ti kó jọ rẹ́. Jámánì gbé irú tó ń wà lórí fóònù oníkálukú jáde, wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ hàn kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tú u wò. Síbẹ̀, ní ìlú Mainz ní Jámánì yìí kan náà, àwọn ọlọ́pàá gba orúkọ àwọn oníbàárà ilé oúnjẹ kan láti inú áàpù mìíràn tí wọ́n ń pè ní Luca, wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí sí ikú ọkùnrin kan, bẹ́ẹ̀ òfin wọn kò fàyè gba irú rẹ̀.

Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Takie. Fọ́ọ̀mù, fọ́tòkọ́pì, àti títẹ ìwé NIN jáde ni iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí áàpù ìjọba kò fi ní rí ọwọ́ mú ní àdúgbò wa, kí ó rántí oṣù Kejìlá ọdún 2020. Kòrónà tún ti ń gbérí lẹ́ẹ̀kejì nígbà náà, ìjọba ń sọ lórí rédíò pé kí a jìnnà síra wa, ìjọba kan náà tún kéde pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, síìmù tí wọn kò bá so mọ́ NIN yóò kú. Àwọn ìyá àgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó sílé ń fún ara wọn pọ̀ lórí ìlà láti ìdájí. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dí ìpè jíjáde lórí síìmù tó lé ní mílíọ̀nù 70. (Ní ti ìwé tí a ń kó sílẹ̀, mo ti ra àkàrà tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ìwé ìdánimọ̀ ẹlòmíràn wé. Òróró ti bo ojú onítọ̀hún.) Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ẹ̀rọ ayélujára, kéde pé àwọn kan ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100. Àjọ tó ń ṣe NIN ní kò sẹ́ni tó já wọ inú àká òun. Oníbàárà mi tó gbọ́ ìròyìn náà kò bá mi jiyàn lórí bí wọ́n ṣe wọlé. Ó kàn béèrè bóyá tòun wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé a kò gbà pé kòrónà wà ní àkọ́kọ́. Àrùn olówó ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, kódà lẹ́yìn tí Gómìnà Makinde kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé ó ti mú òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá ni oyin àti habbatus sauda, irúgbìn dúdú tí àwọn kan fi ń ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn tó gbà pé àrùn wà yàtọ̀. Ìyá ológì kan wà tí mo mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp pé ó lọ ṣe àyẹ̀wò kí èsì tó dé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Kòrónà kò sí lára rẹ̀. Ògì kan mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kí n má purọ́, kì í ṣe áàpù ló tú àṣírí ìyá yẹn. Ìwé àti ẹnu ènìyàn ni. Áàpù irú ti Jámánì kì bá tí mọ orúkọ rẹ̀ rárá, ó sì sàn ju ìwé ńlá tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìjọsìn kan nígbà yẹn lọ, níbi tí ẹni tó bá dé lẹ́yìn ti ń ka orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà n kò lòdì sí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń sọ pé Facebook kúkú ti mọ gbogbo ìrìn wa ni n kò gbà fún, nítorí Facebook kò lè rán ẹnikẹ́ni wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Òfin ni ọ̀rọ̀ kù sí. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìwífún, tí ó ní àjọ tirẹ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n abala 3 rẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ojúṣe tó là kalẹ̀, yàtọ̀ sí díẹ̀, kò de aláṣẹ tó bá ń dènà tàbí tó ń kápá àjàkálẹ̀ àrùn jákèjádò orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò de aláṣẹ tó bá ń wádìí ọ̀ràn. Ìgbà tí ìjọba máa nílò láti mọ ìrìn wa jù lọ ni òfin náà gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gbé e sẹ́yìn níwájú dókítà àti ọlọ́pàá pọ̀.

Bí àrùn mìíràn bá dé, tí wọ́n sì gbé áàpù wá, ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè ni abala òfin tó sọ ní tààrà pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. N ó béèrè ọjọ́ tí wọn yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àti ibi tí wọ́n fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ hàn sí, kí àwọn ọmọ LAUTECH tó mọ iṣẹ́ náà lè tú u wò. Bí ìdáhùn bá wà nínú ìwé òfin kí wọ́n tó kó orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, èmi náà yóò gbé e sórí fóònù mi, n ó sì máa bá àwọn àgbàlagbà tó bá yà ní ṣọ́ọ̀bù gbé e sí tiwọn láìgba kọ́bọ̀. Fóònù oní-tọ́ọ̀ṣì tí púpọ̀ nínú wọn ń lò kò ní lè gbà á, kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ sì ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún àwọn wọ̀nyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.