Ìwé Àgọ́ àti Ìwé Àsálátù

Ọjọ́bọ̀, Abuja

Òru mẹ́ta ni mo ń lé kiri láti àárọ̀: láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, tí màmá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní Nyanya sọ pé àwọn sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìròyìn ni mò ń kọ fún àjọ kan tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń wọ àgọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ àti ohun tí wọ́n bá rí, èmi ni mo máa ń tò ó pọ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí má baà dìde kó ní irọ́ ni.

Ọmọ màmá ni àwọn ọlọ́pàá ń wá, nítorí kẹ̀kẹ́ Napep tó gbà, tí kò san owó rẹ̀ tán. Wọn ò bá ọmọ nílé, ni wọ́n bá mú ìyá. Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti sọ ọ́ kedere ní abala 7 pé kí wọ́n má ṣe mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Abala 8 tún sọ pé àdéhùn tó yẹ̀ nìkan kì í ṣe ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ mú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tiwa dé àgọ́ náà, orúkọ màmá kò sí nínú ìwé. Ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n fi màmá sí, lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò tì wọ́n mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì kọ nǹkan kan. Ibi tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan láti gbé ènìyàn dé ilé ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, àti ọjọ́ méjì tí kò bá sí. Ta ló fẹ́ ka ọjọ́ fún ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀? Adájọ́ májísíréètì tí òfin 2015 ní kó máa yẹ àgọ́ wò lóṣooṣù, ìwé yìí kan náà ni wọ́n máa ṣí fún un.

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe olóòtú wa ní kí n kọ ọ́ pé a kò rí ẹ̀rí, kí n sì máa lọ sórí èyí tó kàn. Mi ò gbà. Mo ránṣẹ́ pe màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ̀ pé ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn?"

"Gbogbo àdúgbò ni, ọmọ mi."

"Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?"

Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú káàdì àjọ jáde. Alájọ fàmì sí ojú ọjọ́ gbogbo, àfi láti Jímọ̀ yẹn títí dé ọjọ́ Ajé. Mo ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọjà lè má tà. Ìgbà náà ni wọ́n rántí àsálátù. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń pe orúkọ níbẹ̀. A pe akọ̀wé wọn, ó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó fi báírò kọ ọ́ síwájú orúkọ màmá pé: "Wọ́n wà ní àgọ́. A dáwó béèlì." Orúkọ àwọn tó dáwó tẹ̀lé e, àti iye tí oníkálukú mú wá. Àgọ́ tí a ń wí yìí náà kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Mo dìde lórí àga mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọdún 2001 ni Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn àgbáyé tó lòdì sí ìfìyàjẹni. Títí di oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ìgbìmọ̀ àdéhùn náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa ní Geneva, ìjọba wa kò tíì fi ìròyìn àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ ni ìgbìmọ̀ ní lọ́wọ́. Mo rántí rẹ̀ bí mo ṣe ń wo ìwé àsálátù yẹn.

Abala 35 kan náà ní ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Mo bi màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́.

"Kí wọ́n dá owó àsálátù padà. Kí wọ́n sì wá síwájú ìsọ̀ mi, kí wọ́n sọ ọ́ sétí àwọn oníbàárà mi pé mi ò jalè."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ sínú àbá wa. Ẹ̀gbọ́n ní "ní gbangba" ti tó, kí n yọ ìsọ̀ kúrò. Mo ní ojú àwọn oníbàárà ni àwọn ọlọ́pàá ṣe ti màmá sínú ọkọ̀, kò sí gbangba mìíràn tó kan màmá. Ẹ̀gbọ́n tún un kà, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n so ẹ̀dà ìwé àsálátù mọ́ ìròyìn náà.

Mo ti so ó mọ́ ọn. Mo bo orúkọ àwọn tó dáwó, nítorí ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí àgọ́ yẹn.