Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àyọkà

Ní kíláàsì SS2 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé àròkọ kò ju kí ènìyàn há ìbẹ̀rẹ̀ tó dùn létí sórí, kí ó sì máa fa ọ̀rọ̀ gùn títí yóò fi pé 450 tí WAEC ń béèrè. Bẹ́ẹ̀, nínú máàkì 50 tí ó wà fún àròkọ náà, 20 jẹ́ ti bí a ṣe lo èdè.

Lánàá, a jọ ka àyọkà kan nípa ìyá tó ń di ẹrù ọmọ rẹ̀ tó ń rìnrìn àjò. Àyọkà náà sọ pé ó tún aṣọ náà ká. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí "tún" ń ṣe níbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, "Mà, ó ti ká a tẹ́lẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ ni." Orí mi wú.

Àròkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò lálẹ́. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́sórí kankan níbẹ̀. Ó kọ nípa ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa pátápátá, tó rìn dé títì, tó sì tún padà wá fa àgádágodo náà wò. Mo gbé bírò pupa sílẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì.