Owó alákàrà l'Ọlọ́run fi dá ọmọ mi sí

Ẹ bá mi yin Olúwa o! Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti jẹ́ ẹ̀rí yìí, ojú ló ń tì mí.

Léèsì ni mò ń tà ní Gbági níbí n'Ìbàdàn. Ọlọ́run bùkún mi, mo kọ́lé, mo ra mọ́tò, àmọ́ owó yẹn ti ń gùn mí. Ìyá kan máa ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa. Dìsẹ́ńbà 2022 tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kun fẹ́ǹsì ní funfun, mo ní èéfín rẹ̀ ń ba ọ̀dà mi jẹ́, mo ní kí gétímáànù da omi sí iná rẹ̀. Àkàrà ṣì wà nínú epo o! Ìyá yẹn ò bú mi, kò ṣépè, eérú ti bò ó lójú, ó kàn fi etí ìró nu ojú, ó gbé agbada rẹ̀ kọjá sí òdìkejì gọ́tà. Èmi yìí sì kọrin nínú kúáyà lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Mo ti ka ìtàn Lásárù, alágbe tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu géètì ọlọ́rọ̀, nínú Lúùkù orí 16 àìmọye ìgbà, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà ní géètì.

Ó di Fẹ́búárì 2023, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ní ká kó 200, 500 àti 1000 náírà àtijọ́ lọ sí báǹkì, tuntun ò sì sí níta, àwọn èèyàn ń sùn sídìí ATM. Òru ọjọ́ kan ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, bàbá ẹ̀ ò sí nílé, mo gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní appendix ni, àfi iṣẹ́ abẹ, kí n san 40,000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fa káàdì, kò lọ. Mo fa èkejì, kò lọ. Mo ṣe tíráńsífà, wọ́n yọ owó lọ́dọ̀ tèmi, kò dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo na fóònù sí ẹni tó ń gbowó, mo ní ẹ wò ó, mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mo rí i, kò kàn tíì wọlé ni." Mo kúnlẹ̀ sórí táìsì. Èmi!

Mo pe gétímáànù pé kó bá mi wá owó káàkiri àdúgbò. Mi ò rán an sí ìyá alákàrà o, ojú wo ni n bá fi rán an? Òun ló lọ kanlẹ̀kùn fúnra ẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú 30, ìyá yẹn ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó tú ìdí ìró, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ: 100 náírà, 50 náírà, 20 náírà, gbogbo ẹ̀ ń rùn epo. Owó ẹ̀wà tó fẹ́ lọ rà ní Bódìjà ni. Ìjọba ò pààrọ̀ owó kéékèèké yẹn, èyí tí èmi kì í kà kún owó, òun gan-an ló ṣì ń ná. Nọ́ọ̀sì ń kà á, epo ń mọ́ ọn lọ́wọ́, ó pé, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀. Mo fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́, ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ wọlé ná."

Ọmọ mi yè! Ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gbé owó ìyá lọ tí mo fi nǹkan lé e, ó ka tiẹ̀, ó dá ìyókù padà fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́ kó padà síbi géètì. Ó padà. Èéfín ti sọ fẹ́ǹsì yẹn di dúdú níbi tó ń jókòó sí, mi ò sì kùn ún, ọmọ mi ló ń bá a gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ láàárọ̀ Sátidé.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, kò fi ìwà mi san án fún mi. Halelúyà!