Omi, agogo àti pọ́ṣọ̀nù: bí ọmọ JSS1 ṣe ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ wọ JSS1 ní bọ́dìn a máa sáré ra nǹkan: fóòmù, korobá, àpótí onírin, mílíìkì páálí-páálí. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń sọ bóyá ara ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá yóò balẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò sí nínú àpótí. Omi ni, agogo ni, pọ́ṣọ̀nù ni, ìyẹn ìpín iṣẹ́ àárọ̀ oníkálùkù. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dàrú, ọmọ tó kéré jù nínú yàrá ni ìyà rẹ̀ máa ń já lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú omi. Ilé-ìwé ní borehole, ó ní táǹkì lórí òpó, àmọ́ bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi sókè, owó epo kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tàn án pẹ́. Táǹkì á kún lálẹ́, á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ọmọ bá jí ní aago 5, ìlà ti gùn lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ ńlá tí kò fẹ́ tò á gbé korobá fún ọmọ kékeré pé kó bá òun pọn. Kí ọmọ náà tó pọn ti ọ̀gá rẹ̀ tán, omi ti tán tàbí agogo ti lù. Kò wẹ̀, ó pẹ́ dé ibi àyẹ̀wò, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó dé yàrá oúnjẹ nígbà tí wọ́n ti ń kó àwo. Àwọn èèyàn á ní ọmọ yẹn ń lọ́ra. Kò lọ́ra rárá. Ìwọ̀n omi tó wà kò tó iye èèyàn, ẹni tí kò lágbára ló sì ń fi ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìfìyàjẹni ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ibi tí omi ti wọ́n ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ dẹ́kun rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ omi tí àwọn JSS1 nìkan ń lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì tiwọn, kó tó wá lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, alẹ́ ni kó máa pọnmi, láàárín ìgbà tí prep, ìyẹn ìkàwé alẹ́, bá parí sí ìgbà tí wọ́n máa pa iná. Kó bo korobá, kó ti àgádágodo mọ́ ọn, kó sì tì í sábẹ́ bọ́ǹkì, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Korobá lítà 20 kò dára fún un: lítà omi kan wúwo tó kílò kan, kílò 20 sì lè ju ìdajì ìwọ̀n ara ọmọ tó kéré níbẹ̀ lọ. Korobá onílítà 10 méjì ni kí ẹ rà. Ọ̀kan fún ìwẹ̀, ọ̀kan fún ilé ìyàgbẹ́ àti aṣọ fífọ̀. Ẹ fi oṣù tó ṣáájú ìwọlé kọ́ ọ bí a ṣe ń fi lítà 10 wẹ̀ tán: kó fi ike kékeré máa bu omi, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí, kó da omi tó kù sí ẹsẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ra pẹ̀lú omi tó ń ya láti òkè nílé máa ń lo gbogbo omi rẹ̀ lórí ọṣẹ àkọ́kọ́, á wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó lójú. Ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ìdí korobá àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí mákà kì í pẹ́ ṣí. Ti aṣọ, òwú ni kí ẹ fi rán orúkọ sí i.

Agogo kò le tó omi, àárọ̀ nìkan ló ń yọ ọmọ lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, agogo ìjí máa ń dún láàárín aago 5 sí 5:30, pọ́ṣọ̀nù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwẹ̀, àyẹ̀wò, oúnjẹ àárọ̀ ní nǹkan bí aago 7, kí wọ́n tó lọ tò fún àdúrà. Wákàtí méjì péré ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò bá ṣètò lálẹ́ kò lè bá a. Kó tó sùn, yúnífọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wà lórí ìkọ́, bàtà ti dán, ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ wà nínú bàtà, ìwé ọ̀la sì ti wọ inú àpò bí tàìmùtébù ṣe wí. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń kó púpọ̀ nínú wọn sí wàhálà. Méjì kò tó. Mẹ́fà ni kí ẹ fún un, kó sì máa fọ èyí tó bọ́ lójoojúmọ́ kí òórùn má bàa kún yàrá. Níbi àyẹ̀wò, wọn a máa wo èékánná, irun, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, àti bí wọ́n ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì: kí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì nà, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọlé sábẹ́ fóòmù.

Pọ́ṣọ̀nù wá ni ọkàn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé òun kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí wọ́n pín in fún igun, kí wọ́n má pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Igun ni ọmọ mẹ́rin tó ń sùn lórí bọ́ǹkì méjì tó kọjú síra wọn. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, àwọn mẹ́ta yòókù á ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní wá máa pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Kí wọ́n kọ ìpín náà sórí páálí lẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa yí ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, gọ́tà, àgbàlá, ilé ìyàgbẹ́. Igun kan kò gbọ̀dọ̀ ṣe ilé ìyàgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì léra. Ohun tó sábà ń ba ètò yìí jẹ́ ni àìsí irinṣẹ́. Bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọlé ìyàgbẹ́ bá ti já, tí kò sí ọṣẹ olóòórùn, tí korobá méjì ti omi kò sì sí nílẹ̀, àwọn ọmọ á kàn da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á sá lọ, ọjọ́ kẹta ibẹ̀ kò ní ṣeé wọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni láti ra èyí, kì í ṣe ti ọmọ.

Ọwọ̀ méjì ni ọmọ máa ń gbé wá, ọwọ̀ kúkúrú fún ilẹ̀ àti ọwọ̀ gígùn fún àgbàlá àti ìtàkùn aláǹtakùn. Kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí eruku máa ń ta ikọ́ fée jí. Àdá ni kí ẹ ṣọ́ jù. Àwọn ọmọ kì í ṣèèṣì fi àdá ṣá ara wọn bí kò ṣe pé wọ́n tò sún mọ́ra tàbí wọ́n kọjú síra. Bí ọmọ bá na apá pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn ló yẹ kó wà láàárín òun àti ẹnìkejì, kí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà kan náà, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí àgbàlagbà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ Tai Solarin dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ níbẹ̀: àwọn ọmọ ń dáko, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn. Lónìí, ìyà ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé sọ iṣẹ́ dà. Ọmọ pẹ́, ó lọ gé koríko. Ọmọ pariwo, ó lọ fọ ilé ìyàgbẹ́. Ó dùn mí gan-an. Bí a bá ti fi iṣẹ́ jẹ ọmọ níyà, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá kàn án gan-an, á rò pé wọ́n fìyà jẹ òun láìṣẹ̀.

Ní yàrá oúnjẹ, ọmọ bíi mẹ́wàá máa ń wà nídìí tábìlì kan, ọmọ ńlá kan ló sì ń bù fún wọn. Ewu ibẹ̀ hàn kedere: ẹ̀wà á kún àwo àwọn tó wà lókè, omi ẹ̀wà á dé ìsàlẹ̀ tábìlì. Kí àwọn tó ń se oúnjẹ máa bù ú sí àwo ọmọ JSS1 láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, kí wọ́n ka ẹran kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ kí a fi oúnjẹ du ọmọ nítorí rẹ̀. Prófíṣọ̀nù, ìyẹn oúnjẹ tí ọmọ gbé wá láti ilé, wá ńkọ́? Ẹ má kó ju èyí tó máa dé ọjọ́ ìbẹ̀wò tó ń bọ̀ lọ. Lọ́kà tó kún dẹ́múdẹ́mú ló ń pe eku, èèrà àti ọmọ ńlá. Gàrí àti ṣúgà, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí tó le, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rá.

Láti ìgbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní yunifásítì) ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni a ti ní JSS àti SSS lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, yàrá kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ṣì ń sùn. Kò yẹ. Ọmọ ọdún 11 àti ọmọ ọdún 17 kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tó fara kan ara wọn. Kí họ́sítẹ́ẹ̀lì JSS1 dá wà, kí matron, obìnrin tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì, sùn níbẹ̀, kí ó ka orí wọn lẹ́yìn tí iná bá ti kú, kó sì tún yí ká lóru ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú. Ìyẹn kò ní kí àwọn méjèèjì má mọ ara wọn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọmọ SS2 tó bá ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò ní gbangba, ní yàrá ìkàwé, ó ń ṣe é lóore. Ohun tó burú ni kí ó gba owó, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ń pe ara rẹ̀ ní ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ ní ilé-ìwé.

Ní ti bẹ́ẹ̀dì, fóòmù tó nípọn kì í ṣe ọlá fún ọmọ tó ń sùn lókè bọ́ǹkì. Ínṣì 4 ti tó. Bí ó bá ga jù, irin ẹ̀gbẹ́ kò ní lè dá ọmọ dúró mọ́ tó bá yí lójú oorun. Àwọ̀n ẹ̀fọn, kí wọ́n so ó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù. Bí ó bá kàn rọ̀ sílẹ̀ lásán, ẹ̀fọn á gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Bí ọmọ yín bá ṣì ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ ọ́ fún matron ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé. Ìtìjú ń mú kí àwọn òbí pa á mọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo yàrá yóò sì mọ̀, orúkọ atọ̀lé á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Matron tó bá mọ̀ á fún un ní ìsàlẹ̀ bọ́ǹkì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á tẹ́ rọ́bà sórí fóòmù rẹ̀, á rí i pé ó tọ̀ kó tó sùn, á sì jí i lóru. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìtọ́jú aláìsàn, fún matron àti fún olùkọ́ kíláàsì. Kò gbọdọ̀ pọnmi nínú òtútù ìdájí, kò gbọdọ̀ fi omi tútù wẹ̀ nígbà ọyẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ìgò omi mímu lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n má sì ní kó sáré ká pápá fún ìyà. Oògùn kì í gbé inú lọ́kà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni, àfi inhaler ọmọ tó ní ikọ́ fée, tó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Prep alẹ́ máa ń tó wákàtí kan ààbọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́la, kó tó ka ohun tí kò yé e, kó tó wá kọ nóòtì tó kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi gbogbo àkókò kọ nóòtì, wọ́n á sì rò pé àwọn ti kàwé. Kí olùkọ́ jókòó tì wọ́n. Bí a bá fi ìwé orúkọ aláriwo sílẹ̀ lọ́wọ́ captain kíláàsì nìkan, orúkọ àwọn tí kò fún un ní bísíkítì ló máa wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni aṣọ fífọ̀, fóòmù sísá sóòrùn, kí wọ́n tún da omi gbígbóná sí oríkèé irin bọ́ǹkì, níbi tí ìdun ń sá pamọ́ sí. Ọ̀sán ni ẹgbẹ́: JETS fún sáyẹ́ǹsì, Red Cross, Scout, àwọn oníròyìn, àwọn oníjó ìbílẹ̀, àríyànjiyàn. Ẹgbẹ́ kan tó ọmọ JSS1 ní táàmù àkọ́kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tú àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ tètè kí wọ́n lè ṣe àlùwàlá, torí ìlà omi tún ń bẹ níbẹ̀. Nínú Ramadan, ilé ìdáná gbọ́dọ̀ ní orúkọ àwọn tó ń gbààwẹ̀, kí oúnjẹ sààrì má baà dín, kí wọ́n sì yọ wọ́n kúrò nínú koríko gígé.

Táàmù kejì ni eré ìdárayá láàárín àwọn ilé (house) tí wọ́n pín àwọn ọmọ ilé-ìwé sí máa ń bọ́ sí, nítorí pé òjò kò sí. Ìyẹn ni pé ẹ̀rùn àti ìdánrawò eré náà pàdé: lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì fẹ́ tún wẹ̀, ìlò omi á sì pọ̀ sí i ní àsìkò tó wọ́n jù. Ilé-ìwé tó mọ nǹkan á ti ra omi táńkà sílẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò mọ eré sá wọ ẹgbẹ́ ayan, ìyẹn àwọn tó ń ṣe march past. Kò gba agbára, ó gba etí àti sùúrù, ó sì ń fi ọmọ onítìjú sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, ẹ má bi í pé ṣé dáadáa ni. Ẹ bi í pé ta ló ń bá a sùn ní igun, ìgbà wo ló ń pọnmi, ta ló ń bù oúnjẹ. Ọmọ tí kò lè dárúkọ ẹnì kan ní igun rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, tí prófíṣọ̀nù rẹ̀ tán ní ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lọ bá matron rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí táàmù bá sì parí, ẹ má gbé fóòmù rẹ̀ wọ inú yàrá tààrà. Ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn ní ìta, ẹ ṣí etí aṣọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rán an, kí ẹ wo ojú rírán yẹn dáadáa bóyá ìdun wà níbẹ̀.