Larson á tún gba adé, ṣùgbọ́n márùn-ún tẹ̀ léra? Ó tì o

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń wa tírélà ní Charlotte ti parí ọ̀rọ̀: kò sẹ́ni tó máa dá Kyle Larson dúró mọ́. Wọ́n ní ọmọ náà gba adé NASCAR, eré ìje mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 2021, ó tún gbà á ní 2025, ọmọ ọdún 33 péré sì ni nígbà náà. Wọ́n ní márùn-ún ni yóò gbà tẹ̀ léra bíi ti Jimmie Johnson, kí n lọ kọ ọ́ síbì kan. Mo ti kọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú mọ́tò tí àwọn òyìnbó fi ń yípo: iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe, ní Challenge níbí. Mò ń yọ táyà, mò ń lẹ̀ ẹ́, mò ń pọ́ǹpù rẹ̀, mo sì ní ẹ̀rọ tó ń bálánsì rìímù, nígbà tí iná bá wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fi fídíò eré ìje yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mi ò wo awakọ̀ rárá. Àwọn ọkùnrin tó fo ògiri kékeré yẹn wọlé tọ ọkọ̀ ni mo ń wò. Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n yọ táyà mẹ́rin, wọ́n de mẹ́rin tuntun, wọ́n rọ epo sí i, ọkọ̀ ti lọ kí sẹ́kọ́ńdì 15 tó pé. Èmi tí oníbàárà máa ń sọ fún pé mò ń falẹ̀! Táyà wọn gan-an tún pa mí lẹ́rìn-ín. Pípá ni Goodyear ti ń kó o jáde fún wọn, kò ní eyín kankan. Ojoojúmọ́ sì rèé tí mò ń bá àwọn oní-Micra fà á pé kí wọ́n má gbé táyà pípá gba ọ̀nà Èkó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí Johnson, torí òun ni ẹ̀gbọ́n fi ń díwọ̀n Larson. Ọkọ̀ nọ́ńbà 48, ilé Hendrick (ilé ni mò ń pe ẹgbẹ́ tó ni ọkọ̀; ibẹ̀ náà ni Larson wà), adé márùn-ún: 2006, 2007, 2008, 2009, 2010. Kó tó dé, mẹ́ta tẹ̀ léra lẹnikẹ́ni gbà jù, Cale Yarborough ló sì gbà á, láti 1976 sí 1978. (Ọdún 1976 yẹn náà ni IICC tiwa gba ife Cup Winners Áfíríkà, tí kọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan kò gba irú rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn nígbà náà á ti rò pé ọdọọdún la ó máa kó o wálé. Ẹ bi àwọn àgbà tó ń jókòó ní Adamásingbà bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.) Richard Petty, tí wọ́n ń pè ní Ọba, gba adé méje. Dale Earnhardt náà gba méje kó tó kú nínú ìjàm̀bá ní Daytona ní 2001. Síbẹ̀ kò sí èyí tó gbà á ju méjì léra lọ nínú àwọn méjèèjì.

Èèyàn á gbọ́ èyí, á ní ọwọ́ Johnson ló yàtọ̀. Mi ò sọ pé Johnson ò mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas ní November 2010, nígbà tí ọdún ti fẹ́ parí, tí Denny Hamlin ń lé e kíkankíkan. Àwọn tó ń pààrọ̀ táyà fún Johnson ń falẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá wọlé wá gba táyà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ti kọjá lọ kó tó jáde. Láàárín eré yẹn kan náà ni Jeff Burton gbá Jeff Gordon mọ́ ògiri. Ilé kan náà ni Gordon àti Johnson. Ọkọ̀ Gordon ti bàjẹ́, àwọn tó ń pààrọ̀ táyà tirẹ̀ ò rí nǹkan kan ṣe mọ́. Chad Knaus tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Johnson wò ó títí, ó ní kí àwọn ọmọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó kó ti Gordon wọlé. Eré ò tíì parí o! Ojú eré náà ló ti ṣe é.

Mo ti wo ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ara mi ò tíì balẹ̀ sí i. Mo ní ọmọṣẹ́. Mo mọ ohun tó wà nínú kí n sọ fún ọmọṣẹ́ pé kó gbé sípánà sílẹ̀, kí ọmọ sọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa wá parí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú oníbàárà. Ó lè má wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ lè dé sọ́ọ̀bù kí n tó ṣílẹ̀kùn. Èmi ò láyà irú rẹ̀, mi ò sì mọ ọ̀gá tó ní in ní gbogbo Challenge. Knaus ṣe é lójú gbogbo ayé, lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi àwọn ọmọ Gordon síbẹ̀ fún eré méjì tó kù. Hamlin ló gba eré Texas náà, òun ló sì ṣáájú pẹ̀lú máàkì 15 nígbà tí wọ́n dé Homestead fún èyí tó kẹ́yìn. Ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, Johnson fi máàkì 39 ṣáájú rẹ̀. Adé karùn-ún nìyẹn. Tí ẹ bá bi mí, ilé Hendrick ló gbà á, Johnson ló dé e.

Ilé náà ló sì tún gbà á lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, NASCAR lé Knaus kúrò ní Daytona nítorí pé wọ́n tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe lọ́nà tí òfin ò fẹ́. Eré mẹ́rin ni kò fi sí níbẹ̀. Darian Grubb ló dúró fún un, Johnson sì gba Daytona 500, eré tó lókìkí jù nínú ọdún, lábẹ́ Grubb. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Nígbà tó di 2011, Tony Stewart gba eré márùn-ún nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Òun àti Carl Edwards parí ọdún pẹ̀lú máàkì 2,403 lọ́gbọọgba, wọ́n sì gbé adé fún Stewart torí pé òun ló borí nínú eré tó pọ̀ jù. Ìjọba Johnson dópin níbẹ̀ yẹn. Ta ni olórí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Stewart? Darian Grubb. Ibo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wá? Hendrick. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Láti 2010 yẹn títí di òní, kò sí awakọ̀ kan tó gba adé náà lọ́dún méjì tẹ̀ léra. Mo ní méjì o, ẹ jẹ́ ká fi márùn-ún sílẹ̀ ná. Johnson fúnra rẹ̀ tún gbà á ní 2013 àti 2016, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ti 2016 gan-an, ẹ̀yìn pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Homestead, Edwards àti Joey Logano wá kọlu ara wọn níwájú, ìyípo mẹ́ta péré ló fi ṣáájú nínú gbogbo eré náà, ìyẹn sì tó o. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà náà. Ó gba eré mẹ́ta ní 2017, kò sì gba ẹyọ kan mọ́ títí tó fi jáwọ́ nínú eré ọlọ́dún gbogbo lẹ́yìn 2020. Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Petty jẹ́ ẹni ọdún 42 nígbà tó gba èyí tó kẹ́yìn, Earnhardt jẹ́ 43.

Ẹ̀gbọ́n ní òfin ni mò ń fojú fò. Mi ò fojú fò ó. Láti 2004 ni wọ́n ti ń fi eré mẹ́wàá tó kẹ́yìn yan ẹni tó máa gba adé, Johnson sì mọ eré mẹ́wàá yẹn jẹ bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún un. Tí wọ́n bá fi ìlànà àtijọ́ ka máàkì 2007, Gordon ni ì bá gbà á. Ní 2014 wọ́n tún yí i padà: wọ́n ń yọ èèyàn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku mẹ́rin, eré kan ṣoṣo ló sì ń yanjú rẹ̀ láàárín mẹ́rin náà. Nǹkan dàrú níbẹ̀. Kevin Harvick gba eré mẹ́sàn-án ní 2020, kò wọ inú mẹ́rin tó kẹ́yìn. Logano ní tirẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ ní 2024. Wọ́n wá wọn ọkọ̀ Alex Bowman lẹ́yìn eré ní Charlotte, kò tẹ̀wọ̀n tó, wọ́n fagi lé èsì Bowman, Logano padà wọlé, ó sì lọ gba adé kẹta rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni ọkọ̀ tí kò tẹ̀wọ̀n yẹn, nọ́ńbà tí Johnson fi ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan báyìí, awakọ̀ kankan ò lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣàkóso rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n takú jù lọ ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Láyé Johnson, Hendrick lè jókòó sí sọ́ọ̀bù wọn ní Concord, kí wọ́n jó irin férémù fúnra wọn, kí wọ́n máa fi àṣírí kéékèèké há ibi tí ẹlòmíì ò ní rí. Láti 2022, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò kan náà ni gbogbo ilé ti ń ra férémù, jíà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Rìímù pàápàá yí padà: nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lára rìímù onírin tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láàárín rìímù alúmínọ́ọ̀mù báyìí. Mo sì fẹ́ràn ti márùn-ún yẹn. Nọ́ọ̀tì márùn-ún, ibẹ̀ lo ti máa mọ ẹni tó mọṣẹ́. Phoenix 2021, tí Larson ti gba adé àkọ́kọ́, ni eré adé tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì márùn-ún sá gbẹ̀yìn. Ipò kẹrin ló wà tó fi wọlé wá gba táyà. Sẹ́kọ́ńdì 11.8 ni wọ́n fi pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ló kọ́kọ́ jáde, kò sì sẹ́ni tó bá a mọ́. Eré mẹ́wàá ló gbà lọ́dún náà, ó tọ́ sí i.

Ti 2025 ńkọ́? Hamlin, tó ti borí nínú eré 60 nígbà náà láìgba adé kankan, ló ṣáájú fún ìyípo 208 ní Phoenix. Ìyípo mẹ́ta ló kù. Táyà William Byron fọ́, ó forí sọ ògiri, àsíá yẹ́lò tó ní kí gbogbo ọkọ̀ rọra jáde, gbogbo wọn sáré wọlé wá gba táyà. Hamlin gba mẹ́rin, Larson gba méjì, ó sì jáde ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi ìyípo méjì kún un, Larson ṣe ẹ̀kẹta, Hamlin ṣe ẹ̀kẹfà, adé bọ́ sọ́wọ́ Larson láìṣáájú fún ìyípo kankan ní gbogbo ọjọ́ náà. Wọ́n ń bú olórí òṣìṣẹ́ Hamlin káàkiri. Èmi ò bú u. Tó bá jẹ́ èmi ni, mẹ́rin náà ni mo máa dè. Táyà mẹ́rin tuntun máa ń borí méjì tí ìyípo bá pọ̀. Méjì péré ni ìyípo tó kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní January 2026, NASCAR kéde pé àwọn ti pa eré àjẹkẹ́yìn kan ṣoṣo yẹn tì. Láti 2026, awakọ̀ 16 ni yóò máa du adé fún eré mẹ́wàá, kò sí yíyọ èèyàn láàárín. Ẹ̀gbọ́n ń yọ̀: wọ́n ní irú èyí ló gbé Johnson dé márùn-ún. Mo gbà pé ó dára fún Larson. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ilé rẹ̀ sì lágbára, yóò jàǹfààní nínú eré mẹ́wàá ju eré kan lọ. Torí náà mo fún un ní adé kan sí i, bóyá méjì. Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ nìkan ló padà wá, ọkọ̀ àtijọ́ ò bá a wá. Ilé Penske gba adé mẹ́ta léra láti 2022 sí 2024, awakọ̀ méjì ló sì pín in: Logano, Ryan Blaney, Logano. Ohun tí mo rò pé a ó máa rí nìyẹn: ilé kan á di í mú, awakọ̀ á máa pààrọ̀.

Tí ẹ bá sì ní kí n dárúkọ ẹni tó máa dá Larson dúró, mi ò ní wá a jìnnà. Mi ò ní lọ sí Penske, mi ò ní lọ bá Hamlin. Byron ni, tí táyà rẹ̀ fọ́ ní Phoenix tí Larson fi rí adé gbà. Ó gba Daytona 500 ní 2024, ó tún gbà á ní 2025, ó sì wà nínú mẹ́rin tó kẹ́yìn lọ́dún mẹ́ta tẹ̀ léra. Nọ́ńbà 24 ló ń wà, nọ́ńbà tí Gordon wà láyé rẹ̀, ilé Hendrick kan náà ló sì ti ń gba ẹ́ńjìnnì.