Ewéko Ara Kànga

Inú kànga ilé wa ní Òkè-Fìà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lára ògiri. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ kéékèèké, igi rẹ̀ sì dúdú, ó ń dán bí òwú ìdirun. Maidenhair fern ni òyìnbó ń pè é. Ìyá onílé fi ọ̀bẹ yọ díẹ̀ fún mi tòun terùpẹ̀, wọ́n ní, "Má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ o."

Mo gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀, mo gbé e sí pálọ̀, mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ dé lóṣù Kejìlá, ewé rẹ̀ ká kò, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo padà lọ wo kànga náà. Oòrùn kì í wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ ibẹ̀, ọ̀rinrin omi ń gòkè tọ̀sán-tòru. Ní pálọ̀ mi ńkọ́? Bí iná bá ti dé, fáànù ń yí nìyẹn, ìkòkò amọ̀ náà sì ń fa omi mu ju ewéko lọ.

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì tutù. Mo tún un gbìn sínú ike tó nihò nídìí, pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú, ewé jíjẹrà àti iyanrìn díẹ̀, mo wá gbé e sójú fèrèsé balùwẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ láìsí oòrùn. Mo to òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo, mo bu omi sí i, mo gbé ike lé òkúta náà kí ìdí rẹ̀ má baà kan omi, torí ìdí tó bá ń mumi ṣáá yóò jẹrà. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ni mo ń fọwọ́ kàn láràárọ̀: ó gbọ́dọ̀ rí bí kànrìnkàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Àwọn kan ní kí n máa fọ́n omi sí ewé, mo ti ṣíwọ́ ìyẹn. Omi kì í dúró lórí rẹ̀. Ó ń yọ́ bọ́ bí omi orí ewé kókò.

Kí oṣù Kejì tó parí, ọ̀mùnú yọ, ó ká bí ìkarahun ìgbín. Ewé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo rí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ etí wọn, mo sì rò pé àrùn ni, àṣé ohun tó fi ń bí irú rẹ̀ ni. Kì í tanná rárá.

Lánàá, ìyá onílé wá wò ó. Wọ́n ní kí n yọ díẹ̀ fún àwọn, torí àwọn ọmọ wọn ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú kànga, kò sì ku ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́.